Aago Bàbá Mi Ni Mo Fi Ra Máṣíìnì

Mi ò kọ ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni lè bá mi sunkún. Ẹni tó bá mọ̀ mí yóò sọ fún yín pé ẹnu mi mú bí abẹ, pé mi ò sì gba ìgbàkugbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, kòtò tí mo sì jìn sí yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbẹ́ ẹ.

Aránṣọ ni mí. Ìsàlẹ̀ ilé bàbá mi ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, èmi nìkan ni mo sì ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé wa, níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Òdìkejì ìlú ló ń gbé, ó sì máa ń fi owó ránṣẹ́. Kì í ṣe owó nìkan o, ó ń fi àṣẹ tì í lẹ́yìn. Ṣé Bàbá ti jẹun? Ṣé mo ti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀? Bí ẹni pé ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbà síṣẹ́ ni mí.

Bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ló sì jẹ ojú rẹ̀ tán. Oúnjẹ rẹ̀, oògùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀. Ó máa ń sọ fún àlejò pé bí òun bá sùn, tí ọmọ yìí bá wà lójúfò, abẹ́rẹ́ ò lè sọnù nínú ilé. Kò sí oríkì tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Aago ọwọ́ kan wà tí Bàbá fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ rà, kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa. Aago àtijọ́ ni, kì í lo bátìrì. Àràárọ̀, kí Bàbá tó kí ẹnikẹ́ni, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á fi ìka méjì yí orí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago náà títí tí yóò fi le, á wá gbé e sétí. Kò rí ọwọ́ aago náà mọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ, ìyẹn sì tó o.

Lọ́jọ́ kan, aago náà dákẹ́. Bàbá jókòó tì í ní gbogbo òwúrọ̀. Nígbà tó yá, ó pè mí, ó ní kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti bá òun tún un ṣe nígbà kan rí. Ọ̀gá tó tún un ṣe nígbà náà ti kú, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí, òun náà sì ti ń dàgbà.

Gbogbo àdúgbò mọ ọkùnrin yìí sí Má-fọwọ́-kàn-án. Ohun tó fi ń kí oníbàárà nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há bí àpótí, iná kan ṣoṣo ló tàn sórí tábìlì, ó wá da ife gíláàsì bo àwọn irin wẹ́wẹ́ tó tò síbẹ̀. Bí o bá ti na ìka, wàá gbọ́ ọ.

Ó ṣí aago Bàbá, ó fi gíláàsì kékeré sójú, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ iye tó máa gbà.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, kò dín kọ́bọ̀. Mo bi í bóyá aago ló fẹ́ tún ṣe ni àbí ó fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù náà fún mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní sípíríǹgì inú rẹ̀ ti já, ó sì ti jẹ eyín jíà kan. Ó ní àwọn tó ṣe aago náà kò ṣe irú rẹ̀ mọ́ láti ayébáyé, pé àfi kí òun wá òkú irú aago bẹ́ẹ̀ kiri, bí òun ò bá sì rí i, òun á fi ọwọ́ ara òun gé jíà náà léyín kọ̀ọ̀kan.

Mo ní owó yẹn á ra aago tuntun mẹ́wàá.

"Lọ rà wọ́n," ló fi dá mi lóhùn. "Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí o bá ń wá olówó pọ́ọ́kú, wọ́n kún títì. Kúrò níbi ìmọ́lẹ̀ mi."

Mo pòṣé tí wọ́n á ti gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kórìíra ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ iye náà fún un. Mo rò pé á bú mi, pé á ní kí aago jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ṣé ìyẹn ni yóò fi rìn? Màá fi ránṣẹ́." Kí n tó se oúnjẹ alẹ́ tán, owó ti wọlé sórí fóònù mi. Ó tún fi àṣẹ tì í, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: kí n gbé owó náà fún ẹni tó ni ín, kí n má fi ẹnu mi yẹn bá a jà, kí n sì fi aṣọ tí òun ń fi ránṣẹ́ bọ̀ rán ṣẹ́ẹ̀tì kan fún òun.

Ibẹ̀ ni Èṣù ti rí àyè jókòó.

Mo ti ń wá máṣíìnì tó ń wé etí aṣọ tipẹ́. Ẹni tí kò ní in, kò tíì di aránṣọ gidi. Gbogbo aṣọ tí mo bá rán tán ni mo ń gbé lọ fún obìnrin kan ní òpópónà kejì kó bá mi wé etí rẹ̀, obìnrin náà a sì máa sọ̀rọ̀ sí mi níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé mo wá tọrọ omi. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń ta àlòkù kan ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá owó aago mu.

Mo wo owó náà lórí fóònù, mo tún un wò. Mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń tọ́jú Bàbá láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni mo jẹ níbẹ̀? Irin kékeré kan á wá gbé owó ńlá mì, èmi á máa wòran. Ṣé aago ló ń se oúnjẹ fún Bàbá ni?

Lẹ́bàá ibùdókọ̀, ọmọkùnrin kan máa ń jókòó lábẹ́ agbòjò, ó ń ta ṣájà àti gíláàsì ojú, ó sì ń tún aago ṣe. Kíákíá ni wọ́n ń pè é, torí ohun tó kọ sára pátákó rẹ̀ nìyẹn. Aṣọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń gé lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo mú àjákù kan nílẹ̀, mo fi wé aago náà, mo sì gbé e lọ.

Kíákíá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, èyí náà ni? Ẹ padà wá lọ́la." Owó tó gbà ò ju owó búrẹ́dì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, aago ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun ti yọ ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó náà, òun ti fi tuntun tó ń lo bátìrì síbẹ̀, kò ní sí pé à ń yí i mọ́. Mo bèèrè èyí tó yọ. Ó bi mí kí ni mo fẹ́ fi ìpẹtà ṣe. Mi ò ní parọ́ fún yín pé mi ò mọ̀ pé ohun tí mo ń ṣe kò dáa. Mo mọ̀. Mo sanwó, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ra máṣíìnì náà. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé àjọ tí mo ń dá ló kàn mí. Aago ńkọ́? Mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè dà bí iṣẹ́ tó gba sùúrù. Bí Bàbá bá bèèrè, mo ń sọ pé Má-fọwọ́-kàn-án ṣì wà lórí rẹ̀. Bàbá á ní, "Má yọ ọ́ lẹ́nu, iṣẹ́ gidi kì í yá."

Ọjọ́ tí mo gbé e fún un, ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ mímọ́ dè é. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa ojú aago náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé e sétí.

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

Ó mú orí rẹ̀, ó yí i. Ó tún un yí. Ó ń yí i lọ, kò le, bí ìgbà tí èèyàn ń fa omi nínú kànga tó gbẹ.

Mo ní wọ́n ti sọ ọ́ di ti ìgbàlódé, pé kò ní máa da ara rẹ̀ láàmú mọ́.

"Ta ló ní kí wọ́n sọ ọ́ di ti ìgbàlódé?" Bàbá bèèrè. Ó tún gbé e sétí. "Aago tèmi máa ń sáré. Èyí ń tiro. Ta ló fọwọ́ kan aago mi?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, àyè wà níbẹ̀ fún mi láti kúnlẹ̀. Bàbá mi ni, èmi àti òun nìkan la wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin abínú yẹn ló wá sí mi lọ́kàn, mo sì rí ibi tí mo lè gbé ẹrù mi kà. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́.

"Má-fọwọ́-kàn-án ni, Bàbá," ni mo wí. "Ṣebí mo sọ pé olè ni."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí n bá òun pe ẹ̀gbọ́n mi. Lópin ọ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi dé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tí mo rán fún un, iná sì ń jó lójú rẹ̀. Dípò kí n bu omi sí i, epo ni mo ń rọ sí i. Mo ní ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n gan-an, pé ó dá mi lójú pé ọkùnrin náà ti tà á, pé bó ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn nìyẹn.

A dìde láti lọ bá a. Bàbá ní òun ń bọ̀. Mo ní oòrùn mú, mo ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ ò dáa. Ó fi àáké kọ́rí, ó di apá ẹ̀gbọ́n mi mú, a sì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò kí i. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ fi lu tábìlì, tí gbogbo ife gíláàsì mì.

"Ìwọ olè yìí," ló sọ fún ọkùnrin tó fi ọdún ju òun lọ dáadáa. "Ibo lo ta ẹ́ńjìnnì aago bàbá mi sí?"

Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ń yọjú. Ohùn mi ló ga jù. Mo sọ fún wọn bó ṣe gba owó gọbọi, bó ṣe fi ohun ìṣeré ọmọdé sínú aago àgbàlagbà tí kò ríran. Obìnrin kan ní òun náà ti ń fura sí i látijọ́. Oníbàárà kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀ dìde, ó ní kó gbé aago ògiri òun fún òun, tó ti ṣe é tán o, tí kò tíì ṣe é o. Mo rí i tí ojú Má-fọwọ́-kàn-án yí padà nígbà tó ń gbé aago náà fún onítọ̀hún. Inú mi dùn sí i. Ohun tó ń dùn mí jù lónìí nìyẹn, pé inú mi dùn.

Kò bá mi jà. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá òun gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fi rán mi ni. Ó ní, "Mi ò bi ọ́ lẹ́ni tó o fi rán." Ó wá na ọwọ́ sí Bàbá. "Bàbá, ẹ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e fún mi."

Ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn aago náà. Ó ṣàlàyé pé nínú iṣẹ́ tàwọn, ẹnikẹ́ni tó bá tún inú aago ṣe gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ fa àmì tirẹ̀ sí inú ìdérí, kí ẹni tó bá tún ṣí i lè mọ ẹni tó ti débẹ̀. Àmì tó dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ wà níbẹ̀, ó ní ti ọ̀gá òun ni. Tòun ni igun mẹ́ta. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi gíláàsì wá igun mẹ́ta níbẹ̀, bó bá rí i, kó fọ́ ṣọ́ọ̀bù òun.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. Kò sí igun mẹ́ta.

Mo bẹ́ sí i kíá. "Olè wo ló ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé mo ti jàre.

Má-fọwọ́-kàn-án kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó mú ẹ̀mú kékeré rẹ̀, ó ń tú inú aago náà. Ẹ́ńjìnnì Kíákíá kéré sí àyè tó wà níbẹ̀, ọmọ náà sì ti ki nǹkan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà máa mì. Ọkùnrin náà fa nǹkan ọ̀hún, ó rọra ń fà á jáde, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ iná.

Aṣọ ni. Búlúù, tó ní ìlà funfun tín-ín-rín.

Ó wo aṣọ náà. Ó gbé orí sókè, ó wo àyà ẹ̀gbọ́n mi. Ó tún wo aṣọ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí ba, ó mú etí ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ta ló ń ránṣọ nínú yín?" ni Má-fọwọ́-kàn-án bèèrè.

Àwọn tó ń bá mi pariwo ti sún sẹ́yìn, kò sí ẹni tó fẹ́ kí ara òun kan tèmi. Bàbá nìkan ni kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ń bèèrè ohun tí wọ́n rí, kò sí ẹni tó fẹ́ sọ fún un. Ó wá yí ojú sí ibi tó ti gbọ́ ohùn mi kẹ́yìn.

"Ìwọ ni mo bi. Kí ni wọ́n rí?"

"Aṣọ ni, Bàbá."

"Aṣọ ta ni?"

"Aṣọ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo fi wé e lọ síbi tí wọ́n ti tún un ṣe. Kì í ṣe ibí."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀: owó, máṣíìnì, Kíákíá, dúrọ́ọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi, Bàbá wúkọ́, ẹ̀gbọ́n mi sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó kàn pè mí ní olè, lẹ́ẹ̀kan péré, ó jáde síta.

Bàbá mi ṣí fìlà lórí. Níwájú ọkùnrin tó lè bí lọ́mọ, ó tẹ̀ ba. "Má bínú," ló wí. "Ọmọ mi ni."

Má-fọwọ́-kàn-án sáré gbá a mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń fa àga fún un. Mi ò mọ̀ pé ọkùnrin náà ní ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo sáré lọ bá Kíákíá. Ó ti tú ẹ́ńjìnnì Bàbá palẹ̀, ó ti tà á ní wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọjá. Mo di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú. Kò bá mi jà, ó kàn ń wò mí. "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹ ń fẹ́ pọ́ọ́kú ni?" Mo fi í sílẹ̀.

Mo ta máṣíìnì náà ní àdánù, mo jẹ gbèsè lé e, mo dá owó ẹ̀gbọ́n mi padà. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Ìyẹn ò dùn mí púpọ̀, àwa méjèèjì ò fẹ́ràn ara wa tẹ́lẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ fún Má-fọwọ́-kàn-án pẹ̀lú. Ó bi mí bóyá aago ni mo gbé wá. Mo ní rárá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ó ní òun kì í tún ìyẹn ṣe níbí. Oníbàárà tó gba aago ògiri rẹ̀ lọ kò padà wá, mo gbọ́ pé àwọn mìíràn náà tẹ̀ lé e. Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń pè é lólè, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dá a lóhùn.

Bí ẹ bá rò pé iṣẹ́ kan ti wọ́n jù, ẹ sọ pé ẹ ò lè san án, kí ẹ sì gbé nǹkan yín lọ sílé. Ẹ má fúnra yín dá iye lé iṣẹ́ oníṣẹ́, kí ẹ tún fi ẹ̀bi lé ẹni tó sọ òtítọ́ fún yín. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn.

Bàbá kò bú mi. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo ti ń rò pé ó ti tán, torí bàbá ni bàbá ń jẹ́.

Ní oṣù tó kọjá, dókítà fún un ní oògùn tuntun tí wọ́n á máa kán sí i lójú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, igo náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó gbé orí sẹ́yìn kí n bá a kán an.

Ó pa ọwọ́ dé mọ́ igo náà.

"Máa ṣe iṣẹ́ rẹ lọ," ló wí. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Ayálégbé wa ni mò ń dúró dè."

Ayálégbé wa ń ta táyà. Kò tíì pẹ́ tó kó dé, Bàbá ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, Bàbá jókòó síbẹ̀, títí ọkùnrin náà fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, Bàbá gbé orí sẹ́yìn, ó la ojú méjèèjì kalẹ̀ fún un, kò sì ṣẹ́jú.

Nígbà tó kán an tán, ó na igo náà sí mi kí n bá wọn tọ́jú rẹ̀. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mú un lọ sí yàrá tìrẹ," ló sọ fún un. "Kó máa wà lọ́dọ̀ rẹ."